Ojú Mojísọ́lá àti Àádọ́ta Ọdún Mi Nídìí Kámẹ́rà

Ohun tí ẹ̀yin ọ̀dọ́ máa kọ́kọ́ bi mí ni mo fẹ́ kọ́kọ́ dáhùn, kí a lè kúrò níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni, iṣẹ́ fótò bọ́ mi, ó bọ́ ìyàwó mi, ó sì rán ọmọ mẹ́rin nílé-ẹ̀kọ́. Rárá, kò sọ mí di olówó. Ó parí. Ẹni tó bá jẹ́ pé èyí nìkan ló fẹ́ gbọ́ lè máa lọ, mi ò ní bínú. Ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ ohun tójú mi rí láàárín àádọ́ta ọdún tí mo fi ń wo ojú èèyàn, kó wá nǹkan fìdí lé.

Ìdànrè ni wọ́n ti bí mi, nísàlẹ̀ òkè, lẹ́yìn tí àwọn èèyàn wa ti sọ̀ kalẹ̀ láti ìlú àtijọ́. Bàbá mi ń dáko kòkó, ó sì fẹ́ kí èmi náà dáko kòkó. Àfi ọjọ́ tí ayàwòrán kan wá láti Òǹdó, tó fẹ́ gun àkàsọ̀ lọ sí Òkè Ìdànrè láti ya àwọn àgbà kan. Èmi ni mo bá a ru igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tó ń gbé kámẹ́rà lé. Àkàsọ̀ yẹn kì í ṣe kékeré, mo dé òkè tán, mo ń mí hẹlẹ-hẹlẹ. Ọkùnrin náà wọ abẹ́ aṣọ dúdú, ó ní kí àwọn bàbá náà má mira. Àwọn bàbá tí ẹnikẹ́ni ò tó bẹ́ẹ̀ láti pàṣẹ fún! Gbogbo wọn dúró gbagidi. Mo ní háà, irú agbára wo nìyí? Kí ilẹ̀ ọjọ́ yẹn tó ṣú, mo ti ń bẹ bàbá mi pé kó jẹ́ kí n tẹ̀ lé ayàwòrán náà lọ kọ́ṣẹ́.

Bí wọ́n ṣe di Ọ̀gá mi nìyẹn, Ọlọ́run tẹ́ wọn sí afẹ́fẹ́ rere. Wọ́n le! Odidi oṣù mẹ́fà, wọn ò jẹ́ kí n fọwọ́ kan kámẹ́rà. Iṣẹ́ mi ni kí n máa wo èèyàn. Oníbàárà á wọlé, wọ́n á yà á, á lọ. Kó tó rìn dé títì, Ọ̀gá á ti yíjú sí mi.

"Ẹ̀gbẹ́ wo ni àmì dúdú ẹnu rẹ̀ wà? Etí wo ló tóbi ju èkejì lọ? Ilà mélòó ló wà lẹ́rẹ̀kẹ́ rẹ̀?"

Bí mi ò bá mọ̀ ọ́n, orí ìkúnlẹ̀ ni màá wà títí oníbàárà mìíràn á fi dé. Ọjọ́ mìíràn wà tí oníbàárà kì í dé bọ̀rọ̀. Mo bú wọn nínú ọkàn mi, kí n má parọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí ẹ bá gba iwájú mi kọjá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, mo lè sọ bí ojú yín ṣe rí láìfi ibì kan sílẹ̀.

Láyé ìgbà yẹn, ilà ojú ni oníbàárà fi ń bá wa jà. Bàbá kan láti ọ̀nà Ofosu gbé fótò rẹ̀ padà wá, ó jù ú sórí tábìlì pàá. Ó ní, "Ilà mi dà? Ta ló máa rí èyí tó máa mọ̀ pé èmi rèé?" Ọ̀gá tọrọ àforíjì, wọ́n gbé iná lọ sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n tún un yà. Ilà bàbá yọ kedere. Ṣe ni bàbá náà ń wo ara rẹ̀ tó ń yọ̀, ó sì ra ẹ̀dà mẹ́ta.

Lóṣù keje ni wọ́n mú mi wọ yàrá òkùnkùn níbi tí wọ́n ti ń fọ fótò. Gílóòbù pupa kan ṣoṣo ló ń tàn níbẹ̀. Ọ̀gá ti bébà funfun kan bọ inú abọ́ oògùn, wọ́n ní kí n máa mì ín díẹ̀díẹ̀. Mi ò rí nǹkan kan. Mo ti fẹ́ sọ pé ó ti bàjẹ́. Ni ẹyinjú méjì bá bẹ̀rẹ̀ sí í wò mí láti inú omi, imú tẹ̀ lé e, gèlè tẹ̀ lé e. Ìyá tó ń ta aṣọ níwájú ṣọ́ọ̀bù wa ni! Mo figbe ta. Ọ̀gá gbá mi létí pé a kì í pariwo nínú yàrá òkùnkùn, ṣùgbọ́n mo rí i pé àwọn náà ń rẹ́rìn-ín. Orí mi ṣì máa ń wú bí mo bá rántí rẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n kọ́ mi bí a ṣe ń fi pẹ́ńsù tẹ́ẹ́rẹ́ kun orí fíìmù, tí ojú tó hunjọ á fi jọ̀lọ̀. Ọwọ́ mi yá sí i, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbéra ga. Alhaja kan wà, oníṣòwò aṣọ, tó wá ya páásípọ́ọ̀tù tó fẹ́ fi lọ sí Mẹ́kà. Àpá kan wà lókè ojú rẹ̀ òsì. Mo ní kí n ṣe Alhaja lóore, mo fi pẹ́ńsù kùn ún, àpá pòórá. Nígbà tí Ọ̀gá rí i, wọ́n fa gbogbo rẹ̀ ya lójú mi.

"Ta ló rán ọ níṣẹ́? Fótò ìrántí, ti ìdílé ni. Bí wọ́n bá ní kí a bu ẹwà kún ìyá àwọn, a ó bù ú kún un. Páásípọ́ọ̀tù, ti àjòjì ni. Àjòjì ò mọ ìyá ẹnì kankan. Bébà yẹn nìkan ló mọ̀, òun ló sì máa gbà gbọ́."

Wọ́n ní kí n fẹsẹ̀ rìn lọ sílé Alhaja, kí n jẹ́wọ́ fúnra mi. Mo rò pé yóò nà mí. Ẹ̀rín ni ó fi pa mí. Ó ní, "Ṣé o ń wá ọkọ tuntun fún mi ní Mẹ́kà ni?" Ó padà wá, a tún un yà pẹ̀lú àpá rẹ̀.

Mo gba fíríídọ̀mù, mo padà sí Ìdànrè, mo ṣí ṣọ́ọ̀bù tèmi. Kóòtù dúdú kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, tí mo so kọ́ ara ògiri. Àwọn tó wá láti ọ̀nà jíjìn láti ṣiṣẹ́ lóko kòkó ló máa ń wọ̀ ọ́ jù. Wọ́n á fọ ẹsẹ̀ lẹ́yìnkùlé, wọ́n á wọ kóòtù, èmi á yà wọ́n, wọ́n á fi ránṣẹ́ sílé kí ìyàwó àti òbí lè mọ̀ pé ara le. Mi ò mọ iye ọkùnrin tí kóòtù yẹn ti sọ di ọ̀gá.

Irinṣẹ́ ń yí padà ṣá. Kámẹ́rà onígi lọ, èyí tí a ń gbé kọ́rùn dé. Fótò aláwọ̀ dé, a ń kó fíìmù lọ fọ̀ ní Àkúrẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní kámẹ́rà kan ti dé tí kì í lo fíìmù rárá. Mo ní irọ́ ni. Mo rà á, mo ra kọ̀ǹpútà tì í, ọmọ mi obìnrin sì kọ́ mi bí a ṣe ń lò ó. Ohun tí mo ń fi pẹ́ńsù ṣe láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, nǹkan yìí ń ṣe é kí n tó dá itọ́ mì. Ẹ gbà mí o! Mo lè pa òkè rẹ́ kúrò lẹ́yìn èèyàn, kí n gbé òkun síbẹ̀. Àwọn oníbàárà náà sì yí padà. Àwọn tí bàbá wọn bá wa jà torí ilà tí kò yọ, àwọn gan-an ló ń bẹ̀ mí báyìí pé, "Bàbá Fótò, ẹ bá mi yọ ilà yìí díẹ̀." Fótò ìrántí ni, mo ń yọ ọ́.

Ibí ni mo ti fẹ́ kí ẹ fara balẹ̀ gbọ́ mi, torí ibí ni mo ti ṣìṣe.

Mojísọ́lá ni àkọ́bí Ìyá Mojí tó ń ra kòkó gbígbẹ ládùúgbò wa. Nítorí pé àkọ́bí ni, bàbá bàbá rẹ̀ taku pé dandan ni kí wọ́n kọ ilà fún un, gígùn kan lẹ́rẹ̀kẹ́ ọ̀tún, gígùn kan lẹ́rẹ̀kẹ́ òsì, bó ṣe wà lójú òun. Lára àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, agbára káká lẹ fi máa rí ẹlòmíràn tó ní in. Ọmọ náà kàwé, Gẹ̀ẹ́sì ló kà ní yunifásítì, ó sì ti fi ọdún mẹ́jọ kọ́ ọ ní ilé-ẹ̀kọ́ girama kan nínú ìlú. Bí ó bá ń sọ Gẹ̀ẹ́sì, ẹ máa gbàgbé ibi tí ẹ ń lọ. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni kó lọ kọ́ni ní Gẹ̀ẹ́sì lókè òkun, ní àwọn ilẹ̀ tí wọ́n ti ń wá tíṣà.

Ilé-ẹ̀kọ́ mọ́kànlá ló kọ̀wé sí. Wọ́n á ka ìwé rẹ̀, wọ́n á pè é lórí fóònù, wọ́n á yìn ín. Wọ́n á wá ní kó fi fótò ránṣẹ́. Bó bá ti fi ránṣẹ́ báyìí, wọ́n á dákẹ́ lọ gbári. Ọ̀kan tiẹ̀ là á mọ́lẹ̀ fún un pé ojú òyìnbó làwọn òbí ọmọ fẹ́ rí níwájú kíláàsì. Ẹ rò ó wò! Ìwé ẹ̀rí, ọdún mẹ́jọ lẹ́nu iṣẹ́, ohùn tó dùn bẹ́ẹ̀, bébà tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ sì pa gbogbo rẹ̀ tì. Èmi tí mo ti ń tẹ irú bébà yẹn láti kékeré, mi ò mọ̀ pé ó lágbára tó bẹ́ẹ̀.

Ó wá sí ṣọ́ọ̀bù mi lọ́jọ́ kan pé kí n tún òun yà, bóyá aṣọ tí òun wọ̀ ni wọn ò fẹ́.

Mo ní, "Mojí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ aṣọ."

Ó ní, "Mo mọ̀, Bàbá."

Òun kọ́ ló bẹ̀ mí. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mo ní, "Jẹ́ kí n bá ọ fi kọ̀ǹpútà tún un ṣe díẹ̀."

"Ṣé kò ní di wàhálà?"

"Wàhálà bíi ti báwo? Kí wọ́n ṣáà gbà ọ́ síṣẹ́ ná. Bó o bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ni, ta ló máa rántí fótò?"

Kò gbà mí tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ilà ọ̀tún lọ, ilà òsì lọ. Mo tan ìmọ́lẹ̀ sí àwọ̀ rẹ̀ títí ó fi pọ́n bí ọmọ ará Lẹ́bánọ́ọ̀nù. Mo tún imú rẹ̀ ṣe, imú tí ẹnì kankan ò bá mi sọ̀rọ̀ rẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ débi pé mo ń fi ara mi yangàn. Mo yí kọ̀ǹpútà sí i. Ó kàn gbé ọwọ́ lé ẹ̀rẹ̀kẹ́ ara rẹ̀, ó sì ń wo obìnrin tó wà nínú kọ̀ǹpútà.

Kò pé ọ̀sẹ̀ méjì, ilé-ẹ̀kọ́ kan ní Ṣáínà gbà á. Ohùn rẹ̀ nìkan ni wọ́n fi dán an wò, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ò jẹ́ kí fídíò ṣiṣẹ́. Ejẹ́ńtì kan tó ń bá wọn wá tíṣà ló sáré gbogbo ìwé ìrìnnà, àwọn ará ilé-ẹ̀kọ́ ò wo ìwé páásípọ́ọ̀tù rẹ̀, tí ojú rẹ̀ gan-an wà nínú rẹ̀, rárá. Mojí fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀. Ẹ mọ ohun tí ìyẹn jẹ́ nílùú yìí. Bí kò bá dára lọ́hùn-ún, kò síbi tó máa padà sí. Ìyá rẹ̀ gbàdúrà fún mi pé ọwọ́ mi ò ní rọ. Mo dáhùn pé àmín sókè rara.

Ọjọ́ kejì tó dé ibẹ̀ ni ó pè mí.

"Bàbá Fótò, ọkùnrin kan gbé fótò mi dání ní pápákọ̀ òfuurufú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló gba iwájú mi kọjá. Ó ń wá mi, èmi sì rèé níwájú rẹ̀."

Mo ní, "Kí lo wá ṣe?"

"Mo dì í lápá mú. Mo ní èmi ni. Ó wo fótò, ó wo ojú mi, ó tún wo ẹ̀yìn mi bóyá ẹlòmíràn ń bọ̀."

Kò bú mi. Ká ní ó bú mi ni, ara ì bá tù mí. Wọ́n ti tẹ fótò yẹn gàgàrà sẹ́nu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ kí ó tó dé, àwọn òbí sì ti rí i. Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà ní òun ò lè mú un jáde fún wọn báyìí, wọ́n á ní òun tan àwọn jẹ. Ó ní kó wà lẹ́yìn ilé, kó máa kọ ẹ̀kọ́ sílẹ̀, òyìnbó kan tó ń jẹ́ Páàlù ni yóò máa dúró níwájú kíláàsì sọ ọ́.

Mi ò lè jẹun lọ́jọ́ náà. Mo lọ sọ́dọ̀ Ìyá Mojí, mo jẹ́wọ́. Obìnrin náà ń tú kòkó sórí ẹní, kò dáwọ́ dúró.

Ó ní, "Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ ilà yẹn fún un, mo sunkún tó fẹ́ẹ̀ pa mí. Ọmọ ọwọ́ ni. Mo gbà á mọ́ra torí pé wọ́n ní ojú ilé wa ni. Ta ló wá ní kí ẹ̀yin bá a pa á rẹ́?"

Ojú tì mí débi pé mi ò lè gba iwájú ilé rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

Páàlù yìí, ìlú tó ti wá, wọn kì í sọ Gẹ̀ẹ́sì níbẹ̀. Mojí ní Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ ò tó ti ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ girama. Ṣùgbọ́n irun rẹ̀ pupa rẹ́súrẹ́sú, ojú rẹ̀ sì dà bíi ti òyìnbó inú tẹlifíṣọ̀n. Kì í ṣe èèyàn búburú. Ní ìdájí, á wá bá Mojí pé kó kọ́ òun bí wọ́n ṣe ń pe ọ̀rọ̀ tí òun máa kọ́ àwọn ọmọ lọ́jọ́ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ fún un pé, "Ẹ̀gbọ́n, irun mi ni wọ́n gbà síṣẹ́." Nígbà tí Mojí sọ ọ́ fún mi lórí fóònù, mo fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò ṣeé rín.

Ó wá di ọjọ́ kan tí àwọn òbí wá wo bí àwọn ọmọ wọn ṣe ń kẹ́kọ̀ọ́. Kíláàsì kún dẹ́nu. Ọmọbìnrin kékeré kan dìde, ó béèrè ohun tí kò sí nínú ìwé tí Mojí kọ. Páàlù la ẹnu, kò sí ohun tó jáde. Òógùn bò ó. Ẹ wá wo ohun tí ọkùnrin yẹn ṣe! Ó jáde ní kíláàsì, ó lọ sí yàrá ẹ̀yìn, ó di ọwọ́ Mojí mú, ó fà á wọlé níwájú gbogbo òbí. Ó ní, "Tíṣà yín nìyí."

Mojí kọjú sí kíláàsì. Ó dá ọmọ náà lóhùn. Ọmọ mìíràn béèrè, ìyẹn náà gba èsì. Ìkẹta wá nawọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó bi í pé ta ló fa nǹkan sí i lójú. Ọ̀gá àgbà fẹ́ dá ọmọ náà lẹ́kun, Mojí ní kó fi í sílẹ̀. Ó fi Gẹ̀ẹ́sì tó rọrùn ṣàlàyé ìlú kan tó wà nísàlẹ̀ òkè ńlá, bàbá àgbà kan tó fẹ́ kí wọ́n dá àkọ́bí ilé òun mọ̀ níbikíbi tó bá wà, àti ọmọ ọwọ́ tó ké títí tó fi sùn lọ. Ó bi wọ́n pé kí làwọn òbí wọn fi dá wọn mọ̀? Ni gbogbo ọmọ bá ń nawọ́, wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ti àmì ara wọn, ti eyín, ti etí. Páàlù jókòó sí ìlà ẹ̀yìn láàárín àwọn ọmọ, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo fẹ́ kí ìtàn náà parí síbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n kò rí bẹ́ẹ̀. Àwọn òbí kan dì mọ́ Mojí, àwọn kan sì fẹjọ́ sùn nípa fótò ẹnu ọ̀nà. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, wọ́n ní kó máa lọ. Páàlù náà kọ̀wé fiṣẹ́ sílẹ̀.

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó padà wálé. Ó ní, "Bàbá, mo ti kọ́ wọn lójúkojú lẹ́ẹ̀kan. Mi ò lè ṣe bí ẹni pé mi ò kọ́ wọn rí." Yàrá kékeré kan ló wà, ó ń kọ̀wé sí ilé-ẹ̀kọ́ lọ́tùn-ún lósì, àwọn ọjọ́ tó wà nínú ìwé ìgbélùú rẹ̀ sì ń tán lọ. Kò ní kí n ya fótò kankan fún òun mọ́. Èmi náà ò jẹ́ dá a lábàá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, fótò kan wọlé sórí fóònù mi. Ọ̀rọ̀ tẹ̀ lé e: "Bàbá, ilé-ẹ̀kọ́ kan ti gbà mí. Èyí ni mo fi ránṣẹ́ sí wọn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tẹ̀ ẹ́ ní ńlá fún Ìyá mi."

Mo bú sẹ́kún, àgbàlagbà bíi tèmi. Nígbà tí mo nu ojú tán, mo wo fótò náà bí ayàwòrán. Kò dára! Fóònù ló fi yà á. Ìmọ́lẹ̀ fèrèsé bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹ̀gbẹ́ kejì ṣókùnkùn. Etí fótò náà gé díẹ̀ lára irun rẹ̀ kúrò, aṣọ tó sá sì ń hàn lẹ́yìn. Ilà náà rèé gbọọrọ, ojú rẹ̀ dúdú bó ṣe dúdú, ó sì ń wo iwájú gan-an. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, mo ronú pé kí n kàn tún ìmọ́lẹ̀ yẹn ṣe díẹ̀, díẹ̀ péré. Ọwọ́ mi ò gbà. Mo tẹ̀ ẹ́ bẹ́ẹ̀, mo fi gíláàsì àti férémù sí i.

Ọdún yẹn náà ni mo ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù pa. Fótò yẹn ni mo tẹ̀ gbẹ̀yìn. Ẹ̀yin tí ẹ ń wá iṣẹ́ tí ẹ máa ṣe, mo ti sọ ohun tí mo mọ̀ fún yín.

Mo gbé e lọ sílé Ìyá Mojí fúnra mi. Ó fi ìdí ìró nu gíláàsì náà, bẹ́ẹ̀ kò dọ̀tí. Ó wò ó títí, ó gbé ojú sókè sí mi.

Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ yà á?"

Mo ní, "Rárá. Òun fúnra rẹ̀ ni."